Ta Ló Ti Fèrèsé? Èéfín Nínú Yàrá Àwọn Tó Wá Iṣẹ́ Wá sí Èkó

Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá ti dé, ìròyìn kan wà tó máa ń jáde tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èṣí. Wọ́n á ní ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn kò ṣí. Àwọn ará ilé kan ilẹ̀kùn títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n jálẹ̀kùn wọlé, wọ́n bá gbogbo àwọn tó sùn síbẹ̀ lórí ẹní, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára wọn. Nígbà mìíràn, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà gbé e. Nígbà mìíràn, ìkòkò èédú ni wọ́n gbé wọlé nítorí òtútù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan á ti máa sọ pé ayé ló ṣe wọ́n. Àwọn tó kàwé díẹ̀ á ní rárá o, àìmọ̀kan ni: kí ló dé tí wọn kò ṣí fèrèsé?

Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bèèrè rẹ̀ kì í sábà dúró gbọ́ èsì. Àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ wá iṣẹ́ wá sí ìlú ńlá kì í gbẹ́yìn nínú àwọn tó ń kú irú ikú yìí. Àwọn tí kò kú nínú wọn sì ń mí èéfín náà sínú lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ikú tiwọn kì í jáde nínú ìròyìn, torí orúkọ mìíràn la máa ń pè é: ẹ̀jẹ̀ ríru, rọpárọsẹ̀, ikọ́ tí kò lọ, òtútù àyà ọmọdé.

Gbogbo wa la mọ àwọn ènìyàn yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mushin. Bírìkìlà tó ti Cotonou wá, àti lébìrà tó ti Tógò wá, tí wọ́n ń sùn nínú ilé tí wọ́n ń kọ́. Mállàm tó ti Kebbi wá gun ọ̀kadà, tí òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn jọ pín yàrá kan ní Agége. Obìnrin tó ti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀fà wá ta ata ní Mile 12. Àwọn kan nínú wọn, ọmọ ìyá wa ni. Àwọn mìíràn, a kò gbọ́ èdè wọn, àmọ́ ẹ̀yìn ìmáàmù kan náà la jọ máa ń wà lọ́jọ́ Jímọ̀.

Irú ilé tí wọ́n ń gbé náà kò ṣàjèjì: ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà láàárín, yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kọjú síra wọn, tí gbogbo Èkó ń pè ní "face-me-I-face-you". Fèrèsé kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní, ògiri ilé kejì sì lè jẹ́ ohun tí fèrèsé náà dojú kọ, débi pé ènìyàn lè na ọwọ́ kan ògiri ọ̀hún láti orí ẹní rẹ̀. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, gbogbo ayálégbé ló jọ ni ín, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti máa dáná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí o bá fi sítóòfù sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́jú, epo inú rẹ̀ á ti gbẹ. Tí o bá yẹra fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹran inú ọbẹ̀ á ti dín. Bí sítóòfù ṣe wọ inú yàrá nìyẹn, tó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn.

Fèrèsé wá ńkọ́? Wọ́n ń tì í, wọ́n sì ní ìdí. Lálẹ́, ẹ̀fọn ń bẹ níta, gọ́tà ń rùn. Olè tó ń fi ọ̀pá ìkọ́ fa fóònù àti ṣòkòtò láti ojú fèrèsé kò ṣàìsí ní àdúgbò. Jẹnẹrétọ̀ ẹni kejì ń pariwo lábẹ́ fèrèsé náà gan-an, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí i, èéfín ẹlòmíràn ló ṣí i fún. Ẹni tó ti fèrèsé yìí ronú kó tó tì í. Ó wo ewu mẹ́rin tó mọ̀, ó sá fún wọn, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ọ̀kan tí kò mọ̀.

Ewu tí kò mọ̀ yìí, èédú ni ká fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí òun ni àwọn ènìyàn ń padà sídìí rẹ̀ jù láti ọdún mélòó kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó N200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá N480 ní Èkó kí oṣù náà tó parí, láti ìgbà náà sì ni owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó gáàsì ìdáná ti ń ti ara wọn gòkè. Ìjọba ò ṣàì gbìyànjú. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n yọ owó orí VAT àti owó ibodè kúrò lórí gáàsì ìdáná tó ń ti òkè òkun wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gáàsì, Ekperikpe Ekpo, pàṣẹ pé láti oṣù tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n má kó gáàsì ìdáná jáde kúrò ní Nàìjíríà mọ́ kí ti ilé lè pọ̀. Ẹ wo iye tí ẹ ra kílò kan kẹ́yìn, kí ẹ fi ṣe ìdájọ́ fúnra yín bóyá àṣẹ náà dé ilé ìdáná yín.

Àmọ́ iye owó kílò kan nìkan kọ́ ló ń lé ẹni tó wá ṣiṣẹ́ kúrò nídìí gáàsì. Kó tó ra gáàsì ẹyọ kílò kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra sílíńdà, ra rọ́bà rẹ̀, ra ojú iná rẹ̀. Owó ọwọ́ ìyá nìyẹn, tí wọ́n ń retí ní abúlé lóṣù yìí. Ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ lójúmọ́, lójúmọ́ náà ló ń ra nǹkan: gààrí lójúmọ́, ọṣẹ lójúmọ́, iná lójúmọ́. Èédú nìkan ló ṣeé rà ní ìwọ̀n owó tó bá wà lápò lónìí. Inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n máa ń dì í sí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bí ẹní ń ta àgbàdo. Ẹni tí kò lówó ló ń ra nǹkan ní wọ́n, torí pé ìwọ̀n kékeré ni wọ́n ń tà fún un. Ẹ̀yin tó ń ra ìrẹsì ní dẹ́ríkà mọ ohun tí mò ń sọ.

Púpọ̀ nínú èédú tó ń wọ Èkó, Òkè-Ògùn àti ìpínlẹ̀ Kwara ló ti ń wá, láti agbègbè Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìṣẹ́yìn. Ó máa ń ya èmi lẹ́nu. Ọmọ fi oko bàbá rẹ̀ sílẹ̀ ní Òkè-Ògùn wá sí Mushin, igi oko náà tẹ̀ lé e wá nínú àpò, ó sì wá ń fi owó rà á.

Wọ́n máa ń sọ pé èédú kò ní èéfín, pé ó mọ́ ju igi lọ. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́: inú igbó tí wọ́n ti sun ún ni èyí tó pọ̀ jù nínú èéfín tí ojú ń rí ti jáde. Èyí tó kù ni ojú kò rí. Nígbà tí èédú bá ń jó pupa nínú ìkòkò, pàápàá níbi tí atẹ́gùn kò pọ̀, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú, kì í múni wúkọ́. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan wà tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ káàkiri ara. Afẹ́fẹ́ èédú yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ohun náà ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ó dà bí dánfó tí àwọn ọmọ ìta ti jókòó kún inú rẹ̀: ọkọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó kún fọ́fọ́, àmọ́ èrò gidi ṣì dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù. Ọpọlọ àti ọkàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Orí á fọ́, òòyì á kọ́ni, èébì á gbé e, oorun á wá kùn ún. Ẹni tó bá ti sùn tẹ́lẹ̀ kì í mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìwà lèéfín, kò ṣé bò mọ́lẹ̀. Èéfín tó ń pànìyàn jù lọ rèé o, ó ṣé bò mọ́lẹ̀ dáadáa.

Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń da òróró pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, tí a fi ẹ̀fẹ̀ sọ ní "I better pass my neighbour", òun ló burú fún àwọn ilé báyìí, torí ó ṣé gbé lọ́wọ́ kan, ó sì ṣé gbé wọlé. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ni pé kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Gbígbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a sì ṣí fèrèsé kò tó rárá. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àmọ́ níbo ni ẹsẹ̀ bàtà 20 wà ní Ajégúnlẹ̀? Níbi tó bá jìnnà sí fèrèsé tìrẹ, abẹ́ fèrèsé ẹlòmíràn ló bọ́ sí.

Kẹrosíìnì kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ní kí àwọn ènìyàn yéé fi dáná nínú ilé. Owó rẹ̀ náà sì ti ń lé àwọn ènìyàn sá kó tó di pé àjọ kankan lé wọn.

Ẹbọra kékeré kan ṣì wà tí a kì í kà sí: kóìlì ẹ̀fọn, òògùn rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń tanná ràn. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí tó yẹ kóìlì láti Ṣáínà àti Malaysia wò sọ pé eruku tó rọ̀ jù, èyí tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà, tí ẹyọ kóìlì kan ń tú jáde tó ti sìgá 75 sí 137. Ilé púpọ̀ wà tí sìgá ẹyọ kan kò lè wọ̀ láéláé, tí ìyá ilé á lé ẹni tó mú un wá jáde tìjà-tìjà, tí kóìlì sì ń jó mọ́jú lẹ́sẹ̀ ibùsùn ọmọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò ní èéfín.

Kí ni gbogbo èyí ń ṣe fún ara? WHO ṣírò pé ní ọdún 2020, àwọn tí èéfín inú ilé láti ara ohun ìdáná pa lágbàáyé tó mílíọ̀nù 3.2, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Àìsàn ọkàn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, rọpárọsẹ̀ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òtútù àyà. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ikọ́ ni èéfín mọ̀ ọ́n fà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ibi.

A ní ẹ̀rí rẹ̀ nítòsí. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣọlá Olópàdé ṣáájú wọn, ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú aláboyún 324 ní ìlú Ìbàdàn, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹtanọ́ọ̀lù, èyí tí í ṣe ọtí líle tó ṣé fi ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe (ẹ má fòyà, sísun ni wọ́n ń sun ún, ẹnì kankan ò mu ún). Apá kejì ń bá ohun ìdáná wọn lọ. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2017, a rí i pé nínú 100 àwọn tó gba sítóòfù tuntun, bí i méjì péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga nígbà tí oyún fẹ́ẹ̀ pé. Lọ́dọ̀ àwọn tó kù, ó lé ní mẹ́fà nínú 100. Ohun tí wọ́n fi dáná nìkan ni wọ́n yí padà. Ẹ̀yin tó mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ojú aboyún rí mọ bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe tó. Àwọn wọ̀nyẹn sì ń gbé ìlú tí ẹbí àti ará wà nítòsí. Ìyàwó lébìrà tó lóyún sínú yàrá kan tí wọ́n tún ń dáná nínú rẹ̀, tí kò ní ìyá ọkọ tí yóò ní kó jáde síta lọ gba atẹ́gùn, èéfín tirẹ̀ á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Títí dé ibí yìí, ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn kan lọ́hùn-ún ni. Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Ṣé ẹ ti wo yàrá mégádì yín rí? Ẹ̀gbẹ́ géètì ló sábà máa ń wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni ilé jẹnẹrétọ̀ ńlá máa ń wà, torí pé wọn kò fẹ́ kí ariwo rẹ̀ dé òkè. Ọ̀gá ti fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, ọmọ ń sùn. Páìpù èéfín kọjú sí ẹni tó ń ṣọ́ gbogbo wọn. Ọkùnrin yìí ti Jigawa tàbí Sókótó wá. Tí ọyẹ́ bá mú, ó tún ní ìkòkò èédú tirẹ̀ tó ń yá nínú yàrá tó kéré ju ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹni tó kọ́ ilé náà fi owó rẹpẹtẹ ra géètì. Páìpù tí yóò gbé èéfín kọjá orí òrùlé kò wọ́n tó géètì.

Ti Mákòókò tún yàtọ̀, torí níbẹ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Àwọn Ẹ̀gùn tó pọ̀ jù níbẹ̀, Bàdágírì àti orílẹ̀-èdè Benin ni orírun wọn. Ọkùnrin ń pẹja, obìnrin ń yan án, inú ilé pákó orí omi náà tàbí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ni iná igi ti ń rú túú látàárọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún obìnrin wọ̀nyẹn pé kí wọ́n pa iná, torí èéfín ni owó ilé ìwé ọmọ wọn. Ohun tó ṣé ṣe ni ààrò tó dára jù. Àjọ FAO àti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ẹja kan ní Senegal ti jọ ṣe irú rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní FAO-Thiaroye, wọ́n sì ti kọ́ ọ fún àwọn ẹlẹ́ja obìnrin ní Côte d'Ivoire. Igi tó ń jẹ kò pọ̀, èéfín rẹ̀ sì dín. Ẹja Mákòókò ń dé ọbẹ̀ gbogbo wa. Ó yẹ ká bèèrè ìgbà tí ààrò bẹ́ẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan án.

Kí àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Èédú kò sí nínú yàrá ọmọ yín tó lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Manchester tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀rinrin ló wà níbẹ̀, àti ohun dúdú kan bí olú tó máa ń hù lára ògiri tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Ènìyàn mẹ́rin á pín yàrá méjì, wọ́n á sá aṣọ sínú ilé, wọ́n á ti fèrèsé nítorí òtútù àti owó iná, ohun tó hù lára ògiri yìí á sì máa tú eruku tí ojú ò rí sínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní ìlú Rochdale, nítòsí Manchester. Mùsùlùmí ni àwọn òbí rẹ̀, Sudan ni wọ́n ti wá. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń fẹjọ́ ohun tó ń hù lára ògiri sùn, èsì tí wọ́n fún un ni pé kó fi ọ̀dà kùn ún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́ tó ń wádìí ikú, ó hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ onílé ti fi ọkàn sí i pé ìṣesí ẹbí náà ló fà á, títí kan bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Omi ìwẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi! Ìbéèrè fèrèsé náà rèé ní èdè Òyìnbó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ náà sọ ọ́ kedere pé ohun tó hù lára ògiri ilé ọmọ náà ló ba mímí rẹ̀ jẹ́ tó fi kú.

Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òfin. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tí ayálégbé ilé ìjọba tàbí ti àjọ ilé ní England bá fẹjọ́ ewu ńlá irú èyí sùn, onílé gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, kó sì mú ewu náà kúrò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni. Òfin tó dára ni. Àmọ́ ẹ wo ibi tó dúró sí: ẹni tó fi físà iṣẹ́ tàbí ti ilé ìwé wọ ibẹ̀ kì í sábà ní ẹ̀tọ́ sí ilé ìjọba, ọwọ́ onílé aládàáni ló ti ń gbalé. Òfin mìíràn tí wọ́n buwọ́ lù ní 2025 ló fún ìjọba lágbára láti mú àwọn onílé aládàáni wọ̀ ọ́, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò tíì tó. Òfin tí wọ́n fi orúkọ ọmọ àlejò sọ kò tíì wọ yàrá àlejò tó dé lánàá. Kí ọmọ yín ya fọ́tò ògiri náà, kó fi ìwé sọ fún onílé, kó sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́.

Nílé níbí, òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ iye owó ilé tí onílé lè gbà ṣáájú, ìyẹn sì ni apá tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níbẹ̀. Ayálégbé tó gbé onílé lọ sí kóòtù nítorí fèrèsé tàbí èéfín, èmi ò tíì pàdé ọ̀kan. Ó ṣe mí ní kàyéfì, torí pé nínú ìwé àwọn onímọ̀ wa, ọ̀rọ̀ èéfín ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù tipẹ́. Ní Túnísì, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, bírìkìlà kan wà tó ń jẹ́ Ibn al-Rami. Adájọ́ máa ń rán an lọ yẹ ilé wò tí aládùúgbò méjì bá ń jà, ó sì kọ ìwé lórí ohun tó rí àti ìdájọ́ rẹ̀ ní ìlànà Ìmáàmù Màlíkì, ìlànà tí àwa náà ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ yìí. Èéfín ilé ìwẹ̀ àti ilé búrẹ́dì wà lára ìnira tí ẹni kan kò gbọ́dọ̀ fi kan ẹnì kejì. Bírìkìlà ni o! Ẹni tó mọ ògiri ló mọ ibi tí èéfín máa gbà.

A sì mọ̀ pé nígbà tí ilé kan jó mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ lóru ní Mẹdínà, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pe iná ní ọ̀tá wa, ó sì ní ká máa pa á ká tó sùn. Ìkòkò èédú tó ń yá lójú oorun wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Kí ló wá ṣé ṣe? Àwọn onílé wa tó ń lọ Hájì, ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú yín ò gùn. Ilé ìdáná tí ayálégbé mẹ́wàá ń lò, ẹ fi irin pín in sí àyè kéékèèké, kí kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí olè bá kúrò nílé ìdáná ni sítóòfù máa jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ lu ihò atẹ́gùn sókè ògiri, níbi tí ọwọ́ olè kò lè dé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Ẹ yan ibì kan fún jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé, kí ẹ má fi í sílẹ̀ kí kálukú máa gbé tirẹ̀ síbi tó wù ú. Owó ilé oṣù mélòó kan láti yàrá kan lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí náà ńkọ́? Lọ́dọọdún nínú oṣù Ramadan, à ń pín ìrẹsì, ṣúgà àti sẹ̀mó fún àwọn aláìní, àwọn òṣìṣẹ́ àlejò sì pọ̀ nínú wọn. Kí ni wọ́n fi ń sè é? Tí mọ́sáláṣí bá fi ìdá díẹ̀ nínú owó yẹn ra sílíńdà kékeré oníkílò mẹ́ta pẹ̀lú ojú iná rẹ̀ fún yàrá márùn-ún lọ́dún, iṣẹ́ rẹ̀ á pẹ́ ju àpò ìrẹsì lọ. Lójú tèmi, sàká náà lè ṣe é, torí ẹ̀tọ́ aláìní ni. Ìmáàmù ìlú kọ̀ọ̀kan ni kó wò ó. Níbi tí kò bá sí owó sàká, èésú ṣì wà. Obìnrin ọjà mọ̀ ọ́n dá fún aṣọ ẹbí. Wọ́n lè dá a fún sílíńdà. Kí wọ́n sì kọ́ ẹni tó gbà á pé ìta tàbí ẹnu fèrèsé tó ṣí ni gáàsì ń gbé, kó sì máa fi ọṣẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò bóyá ó ń jò.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ṣakí, Ẹdẹ, Ìlọrin, tí ọmọ ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù, ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ bi í léèrè ohun tó fi ń dáná, ibi tó ń gbé e sí tó bá fẹ́ sùn, àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé wà. Kí ẹ sì sọ èyí fún un, kó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbé: tí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan lásìkò kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, tí ara wọn sì ń balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jáde síta, ibà kọ́ nìyẹn. Kí wọ́n má lo panadó kí wọ́n tún padà sùn. Kí gbogbo wọn jáde, kí wọ́n gbé ẹni tí kò bá jí jáde pẹ̀lú, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ lóru náà, kí wọ́n sọ fún dókítà pé inú yàrá tí iná wà ni àwọn ti ń bọ̀.